Ẹni Tí Olè Jà

Bí olè bá fọ́ ilé yín lóru òní, tí ó kó aṣọ àti owó lọ, ǹjẹ́ ẹ ó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò mi orí, tí yóò ní, “Kí ni wọn yóò ṣe sí i?” Ẹ ó ra àgádágodo tuntun, ẹ ó sì dákẹ́. Nígbà tí ìjọba bá ka iye olè tí ó jà lọ́dún náà, tiyín kò ní sí níbẹ̀. Àwa tíṣà mọ irú èyí: ẹni tí ó ka kìkì ọmọ tí ó dáhùn sí orúkọ rẹ̀ kò tíì mọ iye ọmọ tí ń bẹ ní abúlé.

Ní Amẹ́ríkà, ní 1966, àwọn onímọ̀ kan fi ìwé ọlọ́pàá sílẹ̀, wọ́n lọ bá àwọn ará ilé 10,000. Wọ́n bèèrè pé: Kí ni wọ́n jí yín? Ṣé ẹ fi sun ọlọ́pàá? Bí ẹ kò bá fi sùn, kí ló dé? Olè afọ́lé tí wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀. Ìdí tí ó pọ̀ jù tí àwọn ènìyàn fi dákẹ́ ni pé wọ́n gbà pé ọlọ́pàá kò lè ṣe nǹkan kan. Àṣé kì í ṣe àwa nìkan!

Ọmọ Yorùbá kan bèèrè irú ọ̀rọ̀ yìí ní Zaria. Fẹ́mi Ọdẹ́kúnlé ni, olùkọ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, ẹni tí a mọ̀ sí ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn ní Nàìjíríà. Ní 1979 ó tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn tí a jí ohun ìní wọn ní ìlú náà. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí ní kóòtù, ìjọba ni ó ń bá olè ṣẹjọ́; ẹni tí olè jà, ẹlẹ́rìí lásán ni.

Ẹ má rò pé inú ìwé nìkan ni ọkùnrin yìí ti mọ ọ̀ràn àtìmọ́lé. Ní 1997, ìjọba ológun mú un mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ kàn. Nígbà tí ó jáde, kò pa iṣẹ́ náà tì. Àrùn Kòrónà ni ó pa á ní oṣù Kejìlá 2020.

Lẹ́yìn tí mo kà nípa rẹ̀, mo bi ìyá aláṣọ kan ní àdúgbò wa bóyá olè ti jà á rí. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

“Ìyá, ta ni ẹ sọ fún?”

Ó wò mí títí. “Tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ kọ́kọ́ bi mí.”