Itọ́ Tó Ń Da Àwọ̀n



Ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni mo fi gboyè ọ̀mọ̀wé, kì í ṣe ìṣègùn òyìnbó. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń fi ẹnu ṣiṣẹ́, tí a ń jẹ obì àti ataare kí a tó wúre, tí a sì gbà pé itọ́ ń gbé àṣẹ, ó yẹ kí a mọ ohun tí itọ́ ń ṣe.

Eyín àti ahọ́n a máa jà. Bí eyín bá ge ahọ́n jẹ, ọgbẹ́ náà kì í sábà kẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oríṣi kòkòrò àìfojúrí tí a ti bá lẹ́nu ènìyàn lé ní 700. Ta ló ń ṣọ́ ibẹ̀?

Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní neutrophil kì í gbé kòkòrò mì nìkan. Ó tún máa ń da àwọ̀n. DNA inú ara rẹ̀ ni okùn àwọ̀n náà, èròjà apakòkòrò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní 2015, àwọn olùwádìí Yunifásítì Lund ní Sweden fi hàn pé itọ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá ló ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí jí láti da àwọ̀n náà. Ṣúgà kan tó so mọ́ èròjà itọ́ ló ń kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì. Itọ́ àwọn tí egbò ń yọ lẹ́nu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a sáré kéde pé Sweden ti jẹ́rìí sí àṣẹ. Àṣẹ kọ́ ni wọ́n wádìí. Ilé olówó rẹ̀ ni itọ́ ń ṣọ́. Kòkòrò tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́nu mi lè di ọ̀tá nínú ọgbẹ́ ẹlòmíràn. Itọ́ òwúrọ̀ tí a kà sí alágbára ńkọ́? Itọ́ a máa dínkù púpọ̀ bí a bá sùn, kòkòrò a sì máa bí sí i.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ẹ má tu ataare sójú ọgbẹ́, ẹ má sì fi itọ́ kan ìwọ́ ọmọ tuntun. Ojúbọ ni kí a tu obì sí. Omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kí a fi fọ ọgbẹ́. Bí ó bá jìn, kí a gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn, kí ìwúre wa sì sìn ín débẹ̀.

Ẹni tó wá gba ìre lẹ́nu awo kò gbọdọ̀ gba àrùn lọ sílé.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.