ÌDÍ TÍ A FI Ń TÚN ÌWÀ SÍTÁÀṢÌ ṢE



Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀kọ. Bí a bá ro ògì lórí iná, tí a pọ́n ọn sínú ewé, yóò dì nígbà tí ó bá tutù. Bí ó bá sì pẹ́, omi a sun jáde lára rẹ̀. Sítáàṣì inú àgbàdo ni ó ń hu ìwà yìí. Ti ẹ̀gẹ́ àti ti ọ̀dùnkún òyìnbó náà ń hù ú níwọ̀n tiwọn. Ohun tí ó yẹ ẹ̀kọ kò yẹ ọbẹ̀ inú agolo. Ta ni yóò ra ọbẹ̀ tí omi rẹ̀ ti yà sọ́tọ̀?

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń tún ìwà sítáàṣì ṣe. Ní ọdún 1811, ní ìlú St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Kirchhoff fi omi àti ásíìdì imí-ọjọ́ díẹ̀ se sítáàṣì ọ̀dùnkún, ó sì di omi ṣúgà. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ń pọ̀ sí i.

Sítáàṣì dàbí ìlẹ̀kẹ̀ ṣúgà tí a sín sórí òwú gígùn. Nígbà tí ó bá tutù, àwọn òwú náà a sún mọ́ra, wọn a sì lé omi jáde. Bí a bá so èròjà kékeré tí a rí lára ásíìdì ọtí kíkan mọ́ wọn, wọn kì í lè sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí a bá fi fọ́síféètì so òwú kan mọ́ èkejì, sítáàṣì náà kì í tètè fọ́ nínú iná líle tàbí nínú ọbẹ̀ kíkan. Bí a bá sì fi oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun ṣiṣẹ́ lé e lórí, a máa funfun sí i, a máa ṣàn, a sì máa wúlò fún ṣíṣe tákàdá.

Ẹ má ṣe dán èyí wò nílé o. Iṣẹ́ onímọ̀ ni, ó sì ní òfin àti ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n apá kan jẹ́ tiwa. Kò sí oògùn tí ó lè sọ sítáàṣì oníyanrìn di rere, àgbẹ̀ ni owó rẹ̀ yóò sì bọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀gẹ́ tí a hú kì í ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ó tó máa bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bó o, kí a fọ̀ ọ́, kí a rin ín, kí a sì fi omi mímọ́ sẹ́ ẹ ní ọjọ́ tí a hú u. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó kan. Kí a sá a sí ibi tí eruku kò sí, títí yóò fi gbẹ dáadáa.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.