Ẹ̀yin Ìyá, Ẹ Má Dúró De Ìrora

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìjàn-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, lónìí, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kọ́ ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tó ń yan gàrí, tó ń sá kòkó ni.

Nígbà òjò, ẹ kì í dúró kí gbogbo èso kòkó dúdú kí ẹ tó wọ oko. Ẹ ó máa yẹ igi wò. Èyí tó bá ní àmì, ẹ ó já a kí ó má baà ran ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí á ṣe sí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló ń fà á. Ìbálòpọ̀ ló ń gbà wọ ara, ó sì wọ́pọ̀ púpọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni ṣe ìṣekúṣe. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin á lé e lọ. Lára àwọn mìíràn, ó lè fara pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìrora. Lọ́dún 2020, nǹkan bí obìnrin 12,000 ló ní àrùn yìí ní Nàìjíríà, bí 8,000 sì kú.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ojú tì í, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Iṣu tó gbìn lọ́dún náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà á.

Láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni kí obìnrin ti máa ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó bá ní HIV, láti ọdún 25. Nọ́ọ̀sì á fi òwú tó rẹ sínú omi kíkan bíi fínígà kan ọrùn ilé-ọmọ, á sì wò ó. Bí ibì kan bá funfun, kò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ti dé. Wọ́n lè tọ́jú ibẹ̀ kí ó tó dà bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti ṣe é. Kò pẹ́ tó ìgbà tí à ń tò sídìí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Ẹ má ṣáà lọ nígbà tí ẹ bá ń ṣe nǹkan oṣù.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún wọn. Oṣù Kẹwàá 2023 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dé Èkìtì lọ́dún 2024. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Kò ń sọ ọmọ di àgàn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ọmọ kò dípò àyẹ̀wò ìyá.

Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ yan obìnrin méjì kí wọ́n lọ béèrè ní ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín: ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò, èló sì ni? Bí kò bá sí níbẹ̀, kí wọ́n béèrè ní Adó. Kí ẹ wá jọ lọ lọ́jọ́ kan. Ìtìjú kì í pọ̀ lójú ẹni tó ní ẹlẹgbẹ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má béèrè ẹni tó kó o ràn án. Ẹ fún un lówó ọkọ̀, kí ẹ sì sìn ín lọ.