Ọjọ́ Mélòó Ni Iṣẹ́ Gbọ̀ngàn Wa Gbà?

Ìwé mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ìgbìmọ̀ ilé kà, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta ọjà kò lè ṣàìmọ ìṣirò. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan níwájú yín, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ti ń jà ràn-ìn láti ọdún 2022 pé a jẹ owó ilé.

Gbọ̀ngàn wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60, ó fẹ̀ ní 30. Bí a bá yí i ká, ó di 180. Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní íǹṣì 18; bí a bá ka sìmẹ́ńtì àárín wọn mọ́ ọn, ìlà kan gba bí 117. Ìlà méjìlá ni a fẹ́ mọ, èyí jẹ́ 1,404. Nígbà tí a yọ ojú fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó kù bí 1,200. Wọ́n sọ fún wa pé bíríkìlà kan pẹ̀lú lébìrà rẹ̀ lè to 100 lójúmọ́. Àwa náà pín in, a rí iṣẹ́ ọjọ́ méjìlá fún bíríkìlà kan. A gba méjì, a ní ọjọ́ mẹ́fà parí, a sì kó owó ọjọ́ mẹ́fà jọ, kò lé kọ́bọ̀ kan.

Ibẹ̀ ni a ti ṣìnà. Ìlà mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ bí a ti wí, torí pé ilẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Láti ìlà keje, orí pákó ni bíríkìlà wà, lébìrà sì ń gbé búlọ́ọ̀kù gùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan. 60 ni wọ́n ń rí tò lójúmọ́, wọn kò sì ṣe ọ̀lẹ rárá. 600 ti ìsàlẹ̀ gba ọjọ́ mẹ́fà, 600 ti òkè ń bẹ̀bẹ̀ fún mẹ́wàá. Mẹ́rìndínlógún ni, kì í ṣe méjìlá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Enugu, ẹ mọ ọ̀rọ̀ omi. Táńkà tí ń ti 9th Mile bọ̀, aago mẹ́jọ ni a bá a sọ, aago mọ́kànlá ni ó dé. Bíríkìlà méjì, lébìrà méjì, wọ́n jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Wákàtí méjìlá lọ báyẹn, a sì sanwó rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀, a gbàgbé pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ìjókòósílé ọjọ́ Ajé ti wà, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí yóò jáde nígbà náà. Pákó tí a háyà kò mọ ọjọ́ Ìsinmi, kò mọ Ajé. Owó rẹ̀ ń gorí ara wọn.

Ìlà kẹsàn-án ni owó tán. Òjò pa ògiri náà fún ọdún méjì, àwọn kan kò sì bá wa jókòó ní ìpàdé mọ́. Ìwé ìnáwó náà wà lórí tábìlì lọ́hùn-ún, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọdún 2024 a ní kí a fi ọ̀wẹ̀ parí rẹ̀, bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe lóko. Ọgbọ̀n ènìyàn ni ó wá gbé yanrìn ní Sátidé kan. Kí aago mẹ́wàá tó lù, àwọn tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ogbete ti yọ lọ. Ìrẹsì àti ẹran tí a sè fún wọn sì ju owó lébìrà mẹ́fà lọ. Ọ̀wẹ̀ náà dùn, a kò purọ́, ṣùgbọ́n a kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ mọ́ bí iṣẹ́ ọgbọ̀n ènìyàn. Bíríkìlà tí a sanwó fún ni ó to ìlà mẹ́ta tí ó kù, ó sì gba ọjọ́ márùn-ún gẹ́lẹ́.

Rírẹ́ ògiri nínú àti lóde, àti òrùlé, ni ó kù báyìí. A ti bá àwọn oníṣẹ́ jókòó, a ka omi àti ìdúró mọ́ ọn. Bíríkìlà, ọjọ́ 24; káfíńtà, ọjọ́ 18; lébìrà, ọjọ́ 36, torí pé káfíńtà náà ń fẹ́ ẹni tí yóò máa gbé igi fún un. Gbogbo rẹ̀ wà lára pátákó lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú iye owó ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ san ti ọjọ́ kan tàbí mẹ́ta, kí ó pe iye ọjọ́ rẹ̀, akọ̀wé yóò fa ìlà lé e lójú gbogbo yín.