Ọmọ Tí Ó Ń Kólòlò: Ọ̀rọ̀ Sí Òbí Àti Olùkọ́



Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í lè jẹ́ ìpè bí mo bá ń pe orúkọ. Mo rí i ní ìjókòó rẹ̀, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Síbẹ̀ mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò wá, mo sì nà án fún oríkunkun. Kò pẹ́ tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ǹ bá má sọ èyí ní gbangba, bí kò ṣe pé ọmọ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí kólòlò nígbà tí ó di ọmọ ọdún 3.

Gbogbo ilé di oníṣègùn. Ẹnìkan ní ó sín akólòlò jẹ ni. Irọ́ ni, àrùn náà kì í ràn bẹ́ẹ̀, ìdílé ni ó sábà máa ń bá rìn. Ẹlòmíràn ní kí a gé iṣan abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ìyá mi sì ní bí ó pẹ́ títí, akólòlò yóò pe baba.

Òwe ìyá mi kò ṣìnà. Nínú 100 ọmọ, bíi 5 ni ó ń kólòlò nígbà kan ní kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń bọ́ nínú rẹ̀ láìgba ìtọ́jú. Bí ẹnìkan péré ni ó ń bá a dàgbà. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ èyí tí ọmọ tirẹ̀ yóò jẹ́? Bí ó bá ti ju oṣù 6 lọ, tàbí bí ọmọ bá ń sá fún ọ̀rọ̀ sísọ, kí a má ṣe dúró de òwe.

Mo gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Níbẹ̀ ni mo bá ẹni tí òyìnbó ń pè ní speech therapist. Orúkọ yìí gan-an ni kí ẹ fi bèèrè, nítorí wọn kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Obìnrin náà kò fún un ní oògùn kankan. Ó bá a ṣeré, lẹ́yìn náà ni ó gbé iṣẹ́ fún èmi: kí n máa rọra sọ̀rọ̀, kí n dúró títí ọmọ yóò fi parí, kí n má ṣe bá a parí rẹ̀, kí n má ṣe wí pé "fara balẹ̀". Èyí nira fún tíṣà, ẹni tí ó ti mọ́ lára láti máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú yìí lọ́dọ̀ NHS. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé ìjọba ń yẹ ọmọ wò láti ọmọ ọdún 3. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ pa Yorùbá tì nítorí ọmọ náà, ẹ má gbà. Èdè méjì kọ́ ni ó ń fa ìkólòlò.

Ẹni tí ó ti dàgbà náà kò pẹ́ jù. Ọba George Kẹfà ti pé ọmọ 30 ọdún kí ó tó lọ bá Lionel Logue ní 1926.

Mo bẹ Ẹgbẹ́ wa pé, nínú owó tí a fi ń rán àwọn ọmọ wa lọ sí yunifásítì, kí a ya ti ẹnìkan sọ́tọ̀ láti kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ọmọ mi ti pé ọdún 11. Ó ṣì ń kólòlò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ ìpè. Ní ti ọmọkùnrin ìjọ́sí, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ọmọ kíláàsì mi náà, kí ó sọ fún un pé mo ń wá a, kí n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.