Ọmọ Ti Dé, Iṣẹ́ Kò Tíì Tán

Ọ̀rọ̀ tí ìyá agbẹ̀bí kan bá ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún wa

  

Ọ̀rọ̀ ìbímọ ni wọ́n ní kí n sọ. Ẹlòmíì á ní, "Kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ kọ́ àwa tá a ti bí mẹ́rin, márùn-ún?" Òótọ́ ni, ẹ ti bímọ. Ṣùgbọ́n inú ara ni iṣẹ́ náà ti ń lọ, ojú wa kì í tó o.

Ilé ọmọ lágbára púpọ̀. Bí ìrọbí bá dé, á máa súnkì, á sì tún máa dẹ̀. Bó ṣe ń súnkì ló ń fa ẹnu rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, títí ẹnu náà á fi là tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ìgbà yẹn lọ̀nà tó ṣí fún orí ọmọ. Bó bá ti là tó 5, ti àkọ́bí kì í sábà ju wákàtí 12 lọ mọ́. Ti ẹni tó ti bí rí kì í sábà ju 10. Ẹni tí wọ́n bá ní kó máa ti ọmọ kí ọ̀nà tó là tán, lásán ló ń lo agbára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa rìn, kó máa mu omi, kó máa tọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún un lábẹ́rẹ́ nínú ilé pé kí ìrọbí lè yá. Abẹ́rẹ́ yẹn lè fa ilé ọmọ ya.

Wàyí o, ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó ké. Gbogbo èèyàn sáré tọ ọmọ lọ. Ta ló wá ṣẹ́kù lọ́dọ̀ ìyá? Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí.

Ibi ọmọ ṣì wà nínú. Bí oyún bá ti pé oṣù, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan péré tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan nìyẹn! Bí ibi bá já, ẹnu àwọn òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ṣí sílẹ̀. Ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa súnkì, á fún wọn pa, bí ìgbà tá a fi okùn di ẹnu àpò gàrí. Bó bá kọ̀ tí kò súnkì, okùn tú nìyẹn. Obìnrin tó bí wọ́ọ́rọ́wọ́ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.

Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gún abẹ́rẹ́ oxytocin lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde. Àsìkò tirẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n gbé ọmọ sáyà ìyá kó mu ọmú kíá, torí ọmú mímu ń mú ilé ọmọ súnkì. Kí ìyá tọ̀ pẹ̀lú. Àpò ìtọ̀ tó kún máa ń dí i lọ́wọ́.

Lọ́dún 2023, ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tó ju 200,000 lọ ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ìyá láti wọn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì tètè fún un ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tó le koko dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Títètè rí i ló ń gbani.

Nítorí náà, bí ibi bá lo 30 ìṣẹ́jú tí kò jáde, bí ẹ̀jẹ̀ bá tó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, tàbí tí òòyì ń kọ́ ìyá, ẹ má dúró de bàbá ọmọ o. Ilé ìwòsàn yá! Ẹ ti fi owó ọkọ̀ pamọ́, ẹ ti mọ awakọ̀ tó máa gbé yín lóru, ẹ ti ní èèyàn méjì tó lè fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń yá wa lówó ọjà lè yá wa lówó ìyẹn náà.

Àwọn àgbà wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ tí wọ́n fi ń kí ìyá ìkókó pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Ká tó kí i bẹ́ẹ̀, ká rí i pé ewu ti kọjá lóòótọ́.

A ó máa gbóhùn ìyá, a ó máa gbóhùn ọmọ.