Kí A Yẹ Omi Wò: Odò Ògùn, Kànga Àdúgbò àti Iṣẹ́ Ọnà ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí ọ̀rọ̀ omi ni mo bá wá, ẹ sì mọ omi jù mí lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Bí ara ẹnì kan kò bá le, àwọn ẹbí rẹ̀ a ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ iwájú ọpọ́n Ifá ni wọ́n ní kí ó lọ, ó sì lè jẹ́ ilé ìwòsàn tí wọn yóò ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ni Yorùbá pe méjèèjì, èmi kò sì gbà pé èyí ṣèèṣì. Ẹni tí ó lọ sọ́dọ̀ babaláwo ti gbà pé ojú òun nìkan kò tó ọ̀ràn náà. Ẹni tí ó bu omi sínú ìgò lọ sí ilé àyẹ̀wò gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo wá bẹ̀bẹ̀ fún lónìí ni pé kí a yẹ omi wa wò, kí àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú yìí sì bá wa sọ ohun tí a bá rí di ohun tí gbogbo àdúgbò lè fi ojú kà.

Odò Ògùn ń ṣàn bọ̀ láti òkè ilẹ̀ Ọ̀yọ́, lápá Ṣakí, ó gba ààrin Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń lọ sí ọ̀sà Èkó. Odò Ọ̀yán, níbi tí ìjọba ṣe dáàmù sí ní ọdún 1983, ń dà sínú rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí a bá ṣe sí omi náà níhìn-ín kì í ṣe ọ̀ràn Ẹ̀gbá nìkan, nítorí ní Akútè, nísàlẹ̀ odò, ni Èkó ti ń fa omi tí ilé iṣẹ́ omi Àdìyàn ń lò. Fún àwa tí a péjọ síhìn-ín, ilé Yemọja ni. Ojúbọ rẹ̀ wà ní Ìbarà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ti Brazil àti Cuba wá kí i. Lọ́hùn-ún, etí òkun ni wọ́n ti ń bọ ọ́. Níhìn-ín, odò yìí ni wọ́n ń bèèrè tí wọ́n bá dé, wọ́n á sì fẹ́ bu omi rẹ̀ lọ sílé.

Kí ni wọ́n ń bù lọ? Ilé ìpẹran wà ní Láfẹ́nwá, kò jìnnà sí odò. Omi Ṣókòrí, tí ó la àárín ìlú kọjá, ń gba omi ìfọṣọ, omi aró, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ọjà kí ó tó dé odò ńlá. Nígbà tí àgbàrá òjò ya wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ní oṣù Keje ọdún 2018, tí ẹ̀mí bá a lọ, ohun tí a ti dà sínú àwọn ojú omi wọ̀nyí láti ọdún pípẹ́ ni ó padà wọ ilé wa. Kí n sì sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa: àwa olórìṣà náà ń dá sí i. Ewé ni àwọn baba wa fi ń di ẹbọ, igbá ni wọ́n fi ń gbé e. Lónìí, mo rí ẹbọ nínú ọ̀rá dúdú, mo rí ìgò ọtí àti ike omi létí odò lẹ́yìn ọdún. Ní Bahia, Ìyá Stella ti ilé Opô Afonjá kéde ní ọdún 2016 pé ilé òun kò ní ju ẹ̀bùn sínú òkun fún Yemọja mọ́, pé orin àti ìwà ni wọn yóò máa mú lọ. Èmi kò ní kí a ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ewé kì í pa odò lára. Ọ̀rá ni kí á fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Òṣogbo, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní nǹkan bí ọdún 1950 ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú Igbó Ọ̀ṣun, àwọn kan ń gé igi ibẹ̀, àwọn ọdẹ àti apẹja ń wọ inú rẹ̀, àwọn tí ń ta ilẹ̀ sì ti ń fi ojú wọ̀n ọ́n. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà, bí Adébísí Àkànjí tí í ṣe bíríkìlà tẹ́lẹ̀, Búráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tí ń gbẹ́ òkúta àti Kàsálì Àkàngbé tí ń gbẹ́ igi, mọ ojúbọ àti ère kalẹ̀ káàkiri igbó náà títí tí kò fi ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni láti pè é ní igbó lásán. Ìjọba sọ apá kan ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965. Ní ọdún 2005, UNESCO kọ igbó náà, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, mọ́ ogún àgbáyé. (Ọdún 2005 yẹn náà ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àràmàǹdà tí ọmọ aráyé jogún, ọdún ńlá ni fún ẹ̀sìn wa.)

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà ṣe gba igbó àti etí odò là. Omi kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn èèyàn ń wa wúrà, ẹrẹ̀ ibi ìwakùsà sì ń dà sínú àwọn odò tí ń lọ bá Ọ̀ṣun, títí tí omi náà fi pọ́n. Ẹrẹ̀ ni ojú rí. Mákúrì àti òjé kò ní àwọ̀, wọn kò sì ní òórùn nínú omi, ojú olùfọkànsìn tàbí ojú ayàwòrán kò sì lè rí wọn. Ní sáà yẹn ni ẹgbẹ́ aráàlú kan ní Òṣogbo, Urban Alert, gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, tí wọ́n sì kéde pé irin olóró wà nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ìgbà ọdún Ọ̀ṣun ti 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò. Àwọn kan bù ú mu síbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn tí ó mu ún ń sọ, nítorí a ń sọ ọ́ níhìn-ín pẹ̀lú: omi òrìṣà kò lè pa ọmọ òrìṣà. N kò ní fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìtàn tí ó wà nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, tí ẹ̀yin awo mọ̀ ju ẹni tí ń sọ ọ́ lọ. Àwọn irúnmọlẹ̀ ọkùnrin dé ayé, wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, wọn kò ka Ọ̀ṣun kún. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé bàjẹ́. Òjò kọ̀, aboyún kò bí. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Olódùmarè, ìbéèrè tí ó bi wọ́n sì ni pé obìnrin tí ó wà láàárín wọn ńkọ́? Àwọn irúnmọlẹ̀ wọ̀nyẹn kò ṣàìgbàgbọ́. Wọ́n ń rú ẹbọ, wọ́n ń ṣe ètò ìlú. Omi ni wọn kò pè sí ìpàdé. Bí àwa náà bá ń kí Yemọja lórin, tí a kò sì bèèrè ohun tí ń ṣe omi rẹ̀, mo rò pé ẹ̀gbẹ́ wọn ni a jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ kò pin sí odò. Orí àpáta ni a tẹ Abẹ́òkúta dó, ààbò sì ni àpáta náà jẹ́ fún àwọn baba wa ní 1830. Ṣùgbọ́n àpáta kì í sẹ́ omi bí yanrìn jíjìn ti ń sẹ́ ẹ. Omi kànga wa ń gbé inú ilẹ̀ tí kò nípọn lórí àpáta, àti inú ojú ibi tí àpáta ti sán. Bí ṣalángá tàbí sọ́kàwéè bá súnmọ́ kànga, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lè bá ojú ibi tí àpáta sán wọ inú omi kíákíá. Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń ní kí ó wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn agboolé Ìtòkú àti Kémta, ẹ sọ fún mi, agboolé wo ni ó ní mítà 30 láti fi ṣòfò?

Ní ilẹ̀ Bangladesh, wọ́n rí i ní àwọn ọdún 1990 pé oró kan tí a ń pè ní arsenic wà nínú omi ọ̀pọ̀ kànga oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń mu. Omi náà mọ́ gaara lójú. Àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n yẹ kànga tí ó ju mílíọ̀nù 4 wò, wọ́n sì fi ọ̀dà kun ẹnu wọn: ewé fún èyí tí ó ṣeé mu, pupa fún èyí tí kò ṣeé mu. Ẹni tí kò mọ̀wé kà mọ ohun tí ọ̀dà ń wí. Ọ̀pọ̀ ìdílé kúrò nídìí kànga pupa. Àwọn kan dúró sídìí rẹ̀, nítorí kànga tí ó dára jìnnà sí wọn. Apá ìtàn náà tí ó yẹ kí a mú ní pàtàkì nìyẹn, nítorí bí a bá kun kànga ẹnì kan ní pupa láìfi omi mìíràn hàn án, èébú ni a bù ú.

Ní Abẹ́òkúta, ta ni kí ó di ọ̀dà mú? Mo ní àwọn ìyá aládìrẹ ni. Àwọn ọmọ Ìyá Màpó ti ń yẹ omi wò kí ilé àyẹ̀wò kankan tó wà ní ìlú yìí. Aláró tí ó ń fi eérú ṣe omi aró rẹ̀ ń fi ojú, imú àti ahọ́n mọ̀ bóyá ó le tó láti mú èlú jáde. Àwọn ni wọ́n ya Olókun sára aṣọ. Wọ́n sì ti bá ìlú jiyàn lórí kẹ́míkà rí: ní ọdún 1936, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ka sódà àti aró òyìnbó léèwọ̀, nítorí ẹ̀sùn pé aṣọ Ẹ̀gbá kò dára mọ́ lọ́jà. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n gbé ẹjọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ ìjọba, a ṣe ìwádìí, òfin náà kò sì dúró. Ní ìgbà yẹn, ọjà aṣọ ni gbogbo ènìyàn ń jà lé lórí. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ibi tí sódà ń gbà lọ bí wọ́n bá da omi ìkòkò nù. Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀ di òní, kò sì sí ẹni tí ó lè dáhùn rẹ̀ dáadáa bí àwọn aláró kò bá sí lórí ìjókòó. Ẹni tí ó bá fẹ́ lé wọn kúrò létí omi ní orúkọ sáyẹ́ǹsì, èmi kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe rò ó. Ìgò kékeré kan wà, ọgbọ́n tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Íńdíà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bébà tí a ti rẹ sínú oògùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A ó bu omi kànga sí i, a ó gbé e sí ibi tí ó móoru. Bí ìgbẹ́ ènìyàn tàbí ti ẹran bá ti kan omi náà, ó sábà máa ń dúdú láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Kì í sọ ohunkóhun nípa sódà tàbí òjé. Fún ìyẹn, a ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní ìlú wa láti ọdún 1988, àwọn onímọ̀ omi sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ ìwé lórí odò wa tipẹ́, ìwé tí aráàlú kì í rí kà. Kí wọ́n wá jókòó pẹ̀lú àwọn aládìrẹ. Kí a ya àdúgbò kan sórí aṣọ, láti Ìtòkú títí dé etí Ṣókòrí, pẹ̀lú gbogbo kànga rẹ̀. Kànga tí ìgò rẹ̀ kò dúdú, kí a fi ìyẹ́ adìyẹ kun ẹ̀kọ lé e lórí, yóò yọ funfun; èyí tí ìgò rẹ̀ dúdú, kí a jẹ́ kí aró mu ún. Kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà ẹ̀rùn àti nígbà òjò, nítorí omi ìgbà méjèèjì kì í rí bákan náà. Bí aṣọ bá pé márùn-ún, ẹ ó rí ọdún tí nǹkan yí padà àti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onílé yóò bẹ̀rù pé ayálégbé yóò sá. Òótọ́ ni. Nítorí náà, àmì ni kí ó wà lórí aṣọ, kì í ṣe orúkọ ilé, onílé ni kí ó sì kọ́kọ́ gbọ́ èsì kí aṣọ tó jáde. Bí ìgò bá dúdú, kí ẹni tí ó gbé e wá dúró sọ ohun tí a lè ṣe: kí a mọ ẹnu kànga ga, kí a bò ó, kí a fi oògùn omi sí i, kí a se omi tí ọmọdé yóò mu, kí a sì wá owó jọ láti gbé ṣalángá jìnnà bí ó bá ṣeé ṣe.

Ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé àwa awo. Kí agboolé Ifá kọ̀ọ̀kan tí ó wà níhìn-ín bu omi kànga rẹ̀ wá kí ọdún yìí tó parí, kí ojúbọ Yemọja ní Ìbarà náà bu omi odò wá, kí a tó lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Mo ti fọ ìgò tèmi. Kànga ilé mi ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.